Awọ Tó Tutù Bí Ẹ̀fọ́ Àárọ̀: Ìtọ́jú Ẹsẹ̀ Kọ́ńdọ́kítọ̀ Kan Tí Táyà Bó ní Ọ̀yìngbò

Aláìsàn náà jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 27, kọ́ńdọ́kítọ̀ dáńfó. Kò ní ìtọ̀ ṣúgà, kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í mu sìgá. Ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 62.

Ní aago 6:40 àárọ̀, lẹ́bàá ọjà Ọ̀yìngbò, ó fò bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yọ̀ létí gọ́tà, ó ṣubú, táyà ẹ̀yìn típà tó ń bọ̀ sì gun ẹ̀gbẹ́ ojúgun rẹ̀. Táyà náà kò gorí eegun tààrà. Ó gbá awọ mú, ó yí, ó sì wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Obìnrin aláta kan tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, kò sì gbé ọwọ́ kúrò títí wọ́n fi rí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ohun tó tọ́ jù lọ tí ẹnikẹ́ni ṣe láàárín wákàtí àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti gbé rọ́bà inú táyà wá láti fi so itan rẹ̀, wọn kò jẹ́ kó so ó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ni títẹ̀ lásán ń dá dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde tí títẹ̀ kò ká a, nígbà náà ni kí ẹ so ó, kí ìdè náà fẹ̀, kó wà ní bíi 5 sí 7 cm lókè ọgbẹ́. Kí ẹ kọ aago tí ẹ so ó sí ibi tí dókítà á ti rí i, nítorí tí wákàtí méjì bá kọjá lórí ìdè, ẹran tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ewu. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó ni 767 àti 112. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 kò sì gbà kí ilé ìwòsàn kankan kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ìbáà jẹ́ pé kò tíì san kọ́bọ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré tó sún mọ́ wọn jù ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tetanus, ìdajì mìlílítà. Wọ́n fún un ní ceftriaxone gíráàmù kan. Wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀: eegun ojúgun ńlá kò kán, èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sán díẹ̀. Títí dé ibí, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi hydrogen peroxide àti Savlon fọ ọgbẹ́ náà, wọ́n fa awọ tó ti bó padà sókè, wọ́n fi okùn nylon rán an ní ojú 47, wọ́n sì fi báńdéèjì kírépù wé e pinpin láti abẹ́ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá rí ẹsẹ̀ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn á rò pé iṣẹ́ ti parí. Awọ pé, àwọ̀ rẹ̀ dára, ojú rírán gún régé.

Ohun tó já lábẹ́ awọ

Lábẹ́ awọ ni ọ̀rá wà. Lábẹ́ ọ̀rá ni aṣọ funfun líle kan wà tó wé ẹran ẹsẹ̀ mọ́ra, ẹran fúnra rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìyẹn. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí kò nípọn ju òwú lọ ló ń gba inú ẹran gòkè, tí wọ́n ń lu aṣọ funfun náà já, tí wọ́n sì ń pín ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀rá àti awọ. Nígbà tí táyà bá wọ́ awọ, ọ̀rá á ya kúrò lára aṣọ funfun yẹn, gbogbo òwú náà á sì já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn awọ kì í tilẹ̀ ya rárá. Ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá yíyọ́ á kàn kún abẹ́ rẹ̀ bí omi inú àpò, ẹni tó bá ń wò ó lókè á ní fífara-ha lásán ni.

Ẹnikẹ́ni tó ń ra ẹ̀fọ́ ní Ọ̀yìngbò mọ̀ pé ẹ̀fọ́ tí wọ́n já láàárọ̀, tí wọ́n ń bu omi wọ́n, á ṣì tutù yọ̀yọ̀ lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ni kò ti sí gbòǹgbò lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Bí awọ tí táyà bó ṣe rí gan-an nìyí. Ó máa ń tó wákàtí 48 sí 72 kí ó tó hàn kedere pé ó ti kú. Ìdí nìyẹn tí rírán tó dára lójú ní ọjọ́ kìíní fi ń di ọgbẹ́ rírà ní ọjọ́ kẹta.

Ohun mẹ́ta mìíràn ló dìtẹ̀ mọ́ awọ aláìsàn yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀, ni ó ṣì so mọ́; òkè ló ti já. Awọ tó so mọ́ lókè sàn díẹ̀, nítorí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ ló ṣì wà. Èyí tó so mọ́ nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ kì í rí ọ̀nà gòkè padà. Á dúró síbẹ̀, á dì, awọ á di àwọ̀ elésè-àlùkò, lẹ́yìn náà á dúdú. Èkejì ni wíwú. Ẹsẹ̀ tí nǹkan tẹ̀ máa ń wú fún ọjọ́ méjì gbáko, okùn ìránṣọ kì í nà tẹ̀ lé e, báńdéèjì pinpin sì tún fún un lọ́rùn. Ẹ̀kẹta ni ìdọ̀tí gọ́tà tí wọ́n rán mọ́ inú. Hydrogen peroxide máa ń hó, ó sì máa ń dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹran tuntun tó fẹ́ wò ọgbẹ́, kì í sì í gbé yanrìn jáde. Omi púpọ̀ ló ń gbé yanrìn jáde.

Kí ni wọn ì bá ti ṣe? Kí wọ́n yẹ awọ náà wò kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: awọ alààyè á ṣí àwọ̀ padà ní bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, òkú awọ á dúró bó ṣe wà. Lára ènìyàn dúdú èyí kò rọrùn láti rí, nítorí náà ẹ wo etí awọ tó ya: ṣé ẹ̀jẹ̀ pupa ń sun níbẹ̀? Ẹ yí awọ náà padà kí ẹ wo ọ̀rá rẹ̀: bí ẹ bá rí ìlà dúdú-dúdú tín-ín-rín nínú ọ̀rá, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ti dì ni, awọ yẹn ti lọ. Èyí tí kò bá sun ẹ̀jẹ̀, oníṣẹ́ abẹ á gé e kúrò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jù ú nù. Wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì ré gbogbo ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ títí yóò fi funfun, tàbí kí wọ́n fi ọ̀bẹ ìbẹ́wọ bẹ́ ojú rẹ̀ ní 0.3 mm, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ padà sórí ẹran tó mọ́. Bí ojú ọgbẹ́ kò bá tíì mọ́, kí wọ́n fi gọ́ọ̀sì tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ wé e, sínú ike tó mọ́, sínú fíríjì ní 4°C. Á ṣì wúlò láàárín ọjọ́ 14. Lára ẹni tí táyà bó báyìí, awọ tirẹ̀ tó ti já gan-an ni ohun tó ṣeyebíye jù, nítorí wọn kò ní bẹ́ awọ itan rẹ̀ láti fi bo ọgbẹ́ mọ́. Ti aláìsàn yìí, àǹfààní yẹn ti lọ ní wákàtí 52.

Ilé ìwòsàn tí kò ní ọ̀bẹ ìbẹ́wọ tàbí oníṣẹ́ abẹ awọ lè ṣe iṣẹ́ tó tó. Kí wọ́n fún un ní oògùn kòkòrò láàárín wákàtí kan, kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ tetanus, kí wọ́n bu omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí wọ́n tẹ́ awọ náà padà láì rán an, kí wọ́n fi gọ́ọ̀sì tútù bò ó, kí wọ́n fi PÓPÙ ìdajì (símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀) gbé ẹsẹ̀ dúró, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà fún un lọ síbi tó tóbi lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sí ìtìjú kankan nínú àìrán ọgbẹ́.

Wákàtí 52

Ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Mainland láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Òórùn ọgbẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ara rẹ̀ gbóná dé 38.9°C, ọkàn rẹ̀ ń lù ní 124 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ 98/60, ó ń mí ní ìgbà 26. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, jẹ́ 23%, creatinine tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹ́ 168 µmol/L, potassium 5.1. Jẹnótáìpù rẹ̀ AS. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi zobo.

Wọ́n gé báńdéèjì náà kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ìrora rẹ̀ rọlẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ẹran tó wà lábẹ́ orúnkún pín sí yàrá mẹ́rin, aṣọ funfun tí kì í nà ló sì ṣe ògiri wọn. Bí wíwú bá kún yàrá kan, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí àyè wọlé mọ́, ẹran á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí 6 sí 8. Àmì rẹ̀ ni ìrora tó ju ọgbẹ́ lọ, tí oògùn kò ká, tó sì ń peléke sí i bí ẹ bá fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà sókè. Ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí ìlù ẹ̀jẹ̀ ní ẹsẹ̀ á pòórá ti pẹ́ jù. Níbi tí ẹ̀rọ ìwọ̀n wà, bí ìfúnpá inú yàrá bá sún mọ́ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ débi tí ìyàtọ̀ wọn kò pé 30, ọ̀bẹ ló kù. Ojú méjì ni wọ́n ń là, gígùn 15 sí 18 cm: ọ̀kan bíi 1.5 cm lẹ́yìn etí inú ojúgun, ọ̀kan 2 cm sí òde góńgó ojúgun. Aláìsàn yìí bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ̀ nígbà tí báńdéèjì kúrò, ó sì lè gbé àtàǹpàkò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìlù ẹ̀jẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀, ó wà lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀ inú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára. Ọ́síjìn ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀ jẹ́ 96%. Awọ tí wọ́n rán jẹ́ 28 cm ní gígùn, 16 cm ní fífẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ní òkè ti dúdú, ó ti le bí awọ bàtà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un níbi márùn-ún, ẹ̀jẹ̀ kò jáde níbi mẹ́ta, èyí tó dúdú ló jáde níbi méjì tó kù.

Ìtọ̀ dúdú yẹn, ẹran tó kú ló ń tú àwọ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín sì ń jìyà rẹ̀. Omi ni oògùn rẹ̀. Wọ́n gún un ní ọ̀nà méjì nọ́ńbà 16, wọ́n sì sáré fún un ní omi iyọ̀ lítà méjì ní wákàtí méjì, wọ́n ki túùbù ìtọ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń wá kí ìtọ̀ rẹ̀ ju 100 ml lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí àwọ̀ rẹ̀ á fi mọ́. Ó mọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, creatinine sì padà sí 92 ní ọjọ́ karùn-ún. Nítorí kíndìnrín náà ni wọn kò fi fún un ní diclofenac tàbí gentamicin. Paracetamol 1 g ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà àti morphine díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi gbógun ti ìrora. Tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kò wúlò fún un mọ́, nítorí wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló ní àǹfààní. Wọ́n fún un ní ceftriaxone 2 g lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, àti metronidazole 500 mg ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Kò rántí pé òun gba abẹ́rẹ́ tetanus rí láti kékeré, nítorí náà abẹ́rẹ́ àjẹsára ọjọ́ kìíní kò tó. Ó máa ń pẹ́ kí ara tó fi ṣe ààbò. Wọ́n fi immunoglobulin tetanus, ààbò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, 500 IU kún un, ìlọ́po méjì 250, nítorí ọgbẹ́ náà ti ju wákàtí 24 lọ, ó sì dọ̀tí.

Ẹ̀jẹ̀ àpò méjì ló gbà kó tó wọ tíátà, àpò méjì nínú tíátà. Àpò kan máa ń gbé PCV àgbàlagbà sókè ní bíi 3%. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti awakọ̀ dáńfó rẹ̀ ló fi tiwọn dípò rẹ̀ ní bánkì ẹ̀jẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ẹsẹ̀ ọmọ mi.” Ìdáhùn tí wọ́n fún un ni, “Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀wọ́. Eegun ńlá kò kán, ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀. Awọ la máa gé.” Òtítọ́ ni. Ìwọ̀n MESS tí wọ́n fi ń díye lé ẹsẹ̀ tó fàya jẹ́ 4 fún un: 3 fún agbára tó tẹ̀ ẹ́, 1 fún ìlù ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ tí kò lágbára, òdo fún ìfúnpá, òdo fún ọjọ́ orí. 7 sókè ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò gígé. Ìwọ̀n yìí kì í pàṣẹ, ó kàn ń ràn wá lọ́wọ́ láti ronú. Àwọn ìbátan kan fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun nílé. Ojú wa nípa ìyẹn kò yí padà: ọgbẹ́ tó ṣí, tó ń rùn, kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, nítorí ìdè pinpin ni ohun èlò wọn, ìdè pinpin ló sì fẹ́ẹ̀ pa ẹsẹ̀ yìí.

Tíátà

Wọ́n fún un ní oorun. Nítorí àìsàn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kò fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìrora ẹsẹ̀. Wọ́n so ìdè sí itan rẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kò fún un. Ẹni tí ẹ bá dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró, ẹ kò ní mọ ibi tí ẹran alààyè ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ti tú okùn, bíi 150 ml omi aláwọ̀ ilẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì tú jáde. Yanrìn wà nínú rẹ̀, ọ̀rá dúdú àti ẹ̀rún rọ́bà. Wọ́n bu ẹran kékeré méjì fún yàrá àyẹ̀wò. Ẹran ló ń sọ òtítọ́, kì í ṣe òwú tí wọ́n fi nu ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ń gé awọ láti etí sínú, díẹ̀díẹ̀, títí etí rẹ̀ fi ń sun ẹ̀jẹ̀ pupa. 24 × 15 cm ló lọ.

Ẹran ní ìdánwò mẹ́rin. Ṣé àwọ̀ rẹ̀ pupa tàbí ó dà bí ẹran sísè? Ṣé ó le dáadáa tàbí ó ń rà lọ́wọ́? Bí ẹ bá fi ẹnu pínsà fún un, ṣé ó ń súnkì? Bí ẹ bá gé e, ṣé ó ń ṣẹ̀jẹ̀? Súnkì àti ẹ̀jẹ̀ la gbẹ́kẹ̀ lé jù, àwọ̀ ló ń tan ènìyàn jù lọ. Ẹran iwájú ojúgun tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè pàdánù 6 × 3 cm. Ohun tó dẹ́rù bani ni àárín ojúgun: 5 × 3 cm eegun ló hàn láìní aṣọ tín-ín-rín tó ń wé eegun fúnra rẹ̀, ó funfun, ó ń dán, ó gbẹ.

Omi iyọ̀ lítà mẹ́sàn-án ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, ìyẹn ike ńlá 18 ti 500 ml. Àwọn ẹbí máa ń yà lẹ́nu bí wọ́n bá rí i nínú ìwé tí wọ́n fi lọ sí ilé oògùn. Ọgbẹ́ kékeré gba mẹ́ta, àárín gba mẹ́fà, ọgbẹ́ báyìí gba mẹ́sàn-án. Wọ́n gbé ike kọ́, wọ́n sì jẹ́ kó máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi tí ẹ bá fi agbára tì máa ń gbá ìdọ̀tí wọ inú ẹran lọ. Ẹni tí kò bá rí omi iyọ̀ tó, omi mímu tó mọ́ tí wọ́n sè tí wọ́n sì jẹ́ kó tutù dára ju omi iyọ̀ ike méjì lásán lọ.

Wọ́n tẹ́ gọ́ọ̀sì tútù sórí rẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀sì ọlọ́ràá bo eegun kó má baà gbẹ, wọ́n sì fi PÓPÙ gbé ọrùn ẹsẹ̀ dúró ní igun 90. Ẹni tó bá gbàgbé igun yìí á rí i lẹ́yìn oṣù méjì pé ọgbẹ́ ti san ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́.

Wákàtí 48 lẹ́yìn náà, wọ́n padà wọ tíátà. Àlékún 4 × 2 cm ẹran ti kú. Ìpadàbọ̀ yìí kì í ṣe àmì pé wọ́n ṣe àṣìṣe ní àkọ́kọ́. Ó yẹ kí wọ́n ti kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé láti ìgbà àkọ́kọ́. Yàrá àyẹ̀wò rí kòkòrò Pseudomonas tí ceftazidime ń pa. Wọ́n yí oògùn sí ceftazidime 2 g lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ méje.

Fóòmù àti iná NEPA

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo fóòmù tí ẹ̀rọ ń fà, kí omi ọgbẹ́ lè máa jáde. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe wọ́n gan-an, nítorí náà wọ́n tò ó fúnra wọn: fóòmù tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, tí wọ́n gé bá ojú ọgbẹ́ mu, túùbù imú nọ́ńbà 16 tí wọ́n lu ihò sí lára, tí wọ́n fi sáàárín ìpele fóòmù méjì, náílọ́ọ̀nù alẹ̀mọ́ tó kọjá etí ọgbẹ́ ní 5 cm, ẹ̀rọ ìfàmì tíátà tí wọ́n gbé sí 125 mmHg. Gọ́ọ̀sì ọlọ́ràá gbọ́dọ̀ wà láàárín fóòmù àti eegun, fóòmù kò sì gbọdọ̀ kan òpó ẹ̀jẹ̀ tó hàn. Wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 48 sí 72.

Ohun tó ń ba á jẹ́ ní Èkó ni iná. Bí ẹ̀rọ bá kú tí fóòmù sì dúró sójú ọgbẹ́, fóòmù náà di kànìnkànìn tó kún fún omi gbígbóná, kòkòrò á sì pọ̀ sí i ju bí ẹni kò lo ohunkóhun lọ. Òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ibùsùn rẹ̀ rọrùn: bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tíì gbé ẹ̀rọ ní wákàtí méjì, nọ́ọ̀sì á yọ fóòmù, á sì fi gọ́ọ̀sì tútù rọ́pò, láì dúró de dókítà. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní òru ọjọ́ kẹfà. Nọ́ọ̀sì yọ ọ́ ní aago mẹ́ta òru, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Òfin kejì: bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ń wọ inú ìgò ẹ̀rọ, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Bíbo eegun

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ojú ẹran ti pupa, ó ń hu ẹran tuntun. Eegun nìkan ló ṣì funfun. Awọ tí wọ́n bẹ́ kò ní òpó ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀: fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, omi ara ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí ló ń mu, lẹ́yìn ìyẹn ni òpó ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ á wá so mọ́ tirẹ̀, tí yóò sì pọ́n ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Eegun tí aṣọ rẹ̀ ti bó kò ní omi tó máa fún un mu. Ẹran ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bò ó.

Ibi tí eegun ti hàn ló ń sọ ẹran tí wọ́n á lò. Ìdá òkè, ní abẹ́ orúnkún, gastrocnemius, ẹran ńlá ẹ̀yìn ojúgun, ló dé ibẹ̀. Àárín, soleus, ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdá ìsàlẹ̀ le jù, nítorí ẹran kò sí níbẹ̀ mọ́, okùn ẹran nìkan ló kù. Wọ́n á gé ẹran láti ibòmíràn kí wọ́n sì fi awò ńlá so òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n yí awọ ẹ̀yìn ojúgun padà sísàlẹ̀ lórí òpó tó wà ní bíi 5 cm lókè kókó ọrùn ẹsẹ̀ òde.

Ti aláìsàn yìí jẹ́ àárín, wọ́n sì lo soleus. Wọ́n là á ní 2 cm sí ẹ̀yìn etí inú ojúgun, wọ́n fi ìka ya soleus kúrò lábẹ́ gastrocnemius. Ibẹ̀ máa ń ṣí wẹ́rẹ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ plantaris tó wà láàárín wọn ló ń fi hàn pé ọ̀nà tọ́. Nísàlẹ̀ kì í ya bẹ́ẹ̀: ọ̀bẹ ni wọ́n fi bẹ́ ẹ kúrò lára okùn gìgísẹ̀, okùn náà sì gbọ́dọ̀ kù ní odidi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní lè gun òkè mọ́. Wọ́n so àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kékeré ìsàlẹ̀ méjì, wọ́n fi ti òkè sílẹ̀. Kí wọ́n tó rán an, wọ́n gé orí ẹran náà díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa jáde. Wọ́n yí i bo eegun láì fà á. Ẹran tí wọ́n bá fà máa ń kú ní góńgó rẹ̀, góńgó yẹn gan-an ló sì wà lórí eegun.

Awọ itan ọ̀tún ni wọ́n bẹ́, 0.3 mm, wọ́n gbà á kọjá nínú ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di àwọ̀n 1 sí 1.5. Ihò inú àwọ̀n náà ni ẹ̀jẹ̀ á gbà jáde, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì lábẹ́ awọ ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Yíyọ̀ ni ìkejì. Kòkòrò ni ìkẹta. Fóòmù ní 100 mmHg lókè rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún láì ṣí. Itan, wọ́n fi gọ́ọ̀sì ọlọ́ràá bò ó, wọn kò sì fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ 12. Ẹbí ló máa ń fẹ́ ṣí i. Ẹni tó bá ṣí i ní ọjọ́ kẹta ń bó awọ tuntun dànù.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹsẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti mú. Ibi 4 × 3 cm lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀ kò mú, ẹ̀jẹ̀ dídì wà lábẹ́ rẹ̀. Dídì ọgbẹ́ nìkan ló wò ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Oúnjẹ, ìrìn, àti ohun tó kù

Ọgbẹ́ tó tóbi tó báyìí ń jẹ ènìyàn. Púrótéènì 1.5 sí 2 g fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ló nílò lójúmọ́, ìyẹn 93 sí 124 g fún un. Wọ́n kọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ bí oúnjẹ, kì í ṣe bí gíráàmù: ẹyin mẹ́rin, ẹja titus bí àtẹ́lẹwọ́, àwo ẹ̀wà kan, itan adìyẹ kan, pẹ̀lú ọsàn àti ẹ̀fọ́. Àwọn ìbátan kan ní ẹyin àti ẹ̀wà ló ń mú egbò kẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àìjẹ wọn ló ń fà á kí egbò má san.

Enoxaparin 40 mg lójúmọ́, láti ọjọ́ kejì tíátà àkọ́kọ́ títí ó fi ń rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú ẹsẹ̀. Ọjọ́ méje lẹ́yìn lílẹ awọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ kọ́ sílẹ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, pẹ̀lú báńdéèjì kírépù tí kò fún jù láti ọmọ-ìka dé orúnkún. Bí awọ bá di àwọ̀ elésè-àlùkò, wọ́n á gbé e padà sókè. Ó fi ọ̀pá ìtìlẹ́yìn méjì rìn ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sì lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ keje.

Ní oṣù kẹfà, eegun bò pátápátá, kò sí ọyún, kò sí ihò. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gòkè ní igun 8; ti ẹsẹ̀ kejì jẹ́ 20. Ó ń rìn láìsí ọ̀pá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ máa ń wú bó bá dúró ju wákàtí mẹ́ta lọ, kò sì tíì padà sẹ́nu ọ̀nà dáńfó. Ó ń gba owó lọ́wọ́ èrò ní gáréèjì, lórí ìjókòó. Ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ ní ọ̀sán àti òru, yóò sì wọ̀ ọ́ títí ọdún kan á fi pé. Òrí ló fi ń pa awọ náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nítorí awọ tí wọ́n bẹ́ lẹ̀ kò ní ibi tí òógùn àti òróró ń gbà jáde. Kò sì ní ìmọ̀lára níbẹ̀. Wọ́n ní kó máa fi ọwọ́ dán omi ìwẹ̀ wò kó tó da á sẹ́sẹ̀, kó sì máa jókòó sí apá ibi tí sàlẹ́ǹsà ọ̀kadà kò sí, torí ó lè jó o dé ẹran kó tó mọ̀.